Àràbà Tó Di Àdúgbò

Ẹranko àti igi pọ̀ nínú orúkọ àdúgbò Kàdúná. Ungwan Shanu, àdúgbò màlúù, kò jìnnà sí Hayin Banki. Tsaunin Kura ni òkè ìkookò, Kurmin Mashi sì ni igbó ọ̀kọ̀. Ìtàn tó gbilẹ̀ jù so orúkọ ìlú gan-an mọ́ kada, ìyẹn ọ̀nì inú odò.

Nínú gbogbo wọn, Ungwan Rimi ni Yorùbá yóò tètè bá tan. Igi tí Hausa ń pè ní rimi ni àràbà wa.

Igi ràbàtà ni. Ó lè ga tó 60 mítà. Gbòǹgbò ìdí rẹ̀ yọ síta bí ògiri, àgbàlagbà lè fara pamọ́ sáàárín méjì. Nígbà tó bá wà léwe, ẹ̀gún ló bo ara rẹ̀. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, ewé rẹ̀ á rẹ̀ dànù, òdòdó rẹ̀ á là lóru, àdán á sì wá fa oje dídùn inú rẹ̀. Èso tó bá gbó á là, òwú funfun á máa fò kiri. Òwú yìí kò ṣeé ran dáadáa, àmọ́ ó dára nínú ìrọ̀rí. Omi kì í tètè wọ̀ ọ́, ìdí nìyẹn tí àwọn òyìnbó ayé àtijọ́ fi máa ń kì í sínú ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí èèyàn rì.

Kí ló dé tí igi yìí fi máa ń di orúkọ ibi? Pákó rẹ̀ fúyẹ́, kòkòrò sì tètè ń jẹ ẹ́, nítorí náà agégẹdú kì í wá a kiri bó ṣe ń wá ìrókò. Agbẹ́kọ̀ ojú omi ló mọyì rẹ̀. Yàtọ̀ síyẹn, Yorùbá àti Hausa jọ gbà pé iwin a máa fi í ṣe ilé. Àgbẹ̀ tó ń ṣán oko tuntun á fi í sílẹ̀, arìnrìn-àjò á máa wò ó lókèèrè, ọjà á ná sábẹ́ rẹ̀, ilé á yí i ká.

Bẹ́ẹ̀ ni Kano ṣe ní Kasuwar Rimi, tí Katsina ní ìlú Rimi. Ní Èkó, Ìdí-Àràbà ni ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì Èkó wà. Ní Ilé-Ifẹ̀, Àràbà tilẹ̀ ni orúkọ oyè olórí babaláwo.

Ungwan Rimi ti wà lára àdúgbò olówó Kàdúná báyìí. Igi tí pákó rẹ̀ kò wọ́n lọ́jà ni orúkọ ilẹ̀ ọ̀wọ́n yẹn.