Ọjọ́ Gbogbo ni ti Olè: Ohun tí ó Mú Ọ̀daràn Ọlọ́gbọ́n Fa Òǹwòran Mọ́ra nínú Fíìmù

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun. Ìkìlọ̀ ni òwe yìí jẹ́ fún olè, ṣùgbọ́n ó tún ṣàpèjúwe ọ̀nà tí a ń gbà hun ìtàn ọ̀daràn. Fíìmù a máa jẹ́ kí a bá olè gbé ní ọjọ́ gbogbo rẹ̀, a ó sì máa retí ọjọ́ kan tí olóhun yóò dé. Ohun tí ó yẹ fún ìwádìí ni pé òǹwòran tí kò ní dárí ji gbájú-ẹ̀ tí ó bá lù ú ní jìbìtì a máa jókòó ti irú ẹ̀dá-ìtàn bẹ́ẹ̀ fún wákàtí méjì, a sì máa gbàdúrà nínú ọkàn rẹ̀ pé kí ọwọ́ má tíì tẹ̀ ẹ́.

Kí ni ó fà á? Ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò dáhùn pé ọgbọ́n ọ̀daràn náà ni. Ìdáhùn yìí kò pé. Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé ọgbọ́n a máa pè wá wọlé, ṣùgbọ́n ibi tí ọgbọ́n náà kò dé ni kì í jẹ́ kí a dìde. A ó fi àlọ́ Ìjàpá méjì àti fíìmù méjì, ọ̀kan láti Amẹ́ríkà, èkejì láti Èkó, ṣàlàyé rẹ̀.

Àṣírí tí a bá ọ̀daràn pín

Nínú àlọ́ tí ó sọ bí Ìjàpá ṣe pá lórí, Ìjàpá lọ sílé àna rẹ̀, ó sì jí àsáró gbígbóná bù sínú fìlà. Bí ó ti gbọ́ pé ènìyàn ń bọ̀, ó dé fìlà náà mórí. Àwọn àna rẹ̀ ń bá a sọ̀rọ̀, wọn kò sì mọ ohun tí ń jó o lábẹ́ fìlà. Ẹni tí ń gbọ́ àlọ́ mọ̀ ọ́n. Ìmọ̀ yìí ni ó sọ ọ̀rọ̀ ìdágbére lásán di ohun ẹ̀rín àti ìpayà. Bí apàlọ́ bá fi ọ̀rọ̀ àsáró pamọ́ títí di ìparí, ìròyìn olè lásán ni ìtàn náà yóò jẹ́.

Catch Me If You Can, tí Steven Spielberg darí ní 2002, tọ ọ̀nà kan náà. Leonardo DiCaprio ni ó ṣe Frank, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń wọ aṣọ awakọ̀ òfuurufú láti fi ṣẹ́ẹ̀kì ayédèrú gba owó. A ti rí i níbi tí ó ti rẹ ọkọ̀ òfuurufú ìṣeré ọmọdé sínú omi nínú balùwẹ̀, kí àmì ilé-iṣẹ́ Pan Am lè ṣí kúrò lára rẹ̀, kí ó lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ ṣẹ́ẹ̀kì. Nítorí náà, nígbà tí òṣìṣẹ́ báǹkì bá gba ṣẹ́ẹ̀kì lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ̀rín-tẹ̀rín, àyà tiwa ni ó ń já. A ti mọ iṣẹ́ tí ó ṣe, a sì mọ bí ó ti kù díẹ̀ kí àṣírí tú. Ọ̀daràn tí a kàn sọ fún wa pé ó gbọ́n kò lè mú àyà ẹnikẹ́ni já bẹ́ẹ̀.

Ibi tí ọgbọ́n kò dé

Àlọ́ kejì ni ti ìgbà tí Ìjàpá kó gbogbo ọgbọ́n ayé sínú akèrègbè kan, tí ó fẹ́ gbé e kọ́ sórí igi. Ó so akèrègbè náà mọ́ àyà, kò sì lè gun igi. Ẹlòmíràn ni ó sọ fún un pé kí ó gbé e sẹ́yìn. Ọgbọ́n kékeré kan ti ṣẹ́kù síta. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀daràn tí a kì í gbàgbé ṣe rí: ohun kan wà tí kò sí nínú akèrègbè rẹ̀.

Ní ti Frank, ilé ni. Ìgbà tí bàbá àti ìyá rẹ̀ kọ ara wọn sílẹ̀ ni ó sá lọ. Ní alẹ́ tí Kérésìmesì ku ọ̀la, ó fóònù Carl Hanratty, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí ń lépa rẹ̀, èyí tí Tom Hanks ṣe. Hanratty bú sẹ́rìn-ín nígbà tí ó yé e pé Frank kò ní ẹlòmíràn tí ó lè pè. Ẹni tí ó tan àwọn báǹkì jẹ kò lè rí bàbá àti ìyá rẹ̀ kó padà sábẹ́ òrùlé kan.

Nínú King of Boys, tí Kẹ́mi Adétiba kọ tí ó sì darí ní 2018, Ṣọlá Ṣóbọ̀wálé ni Alhaja Ẹniọlá Sàlámì. Lójú ayé, oníṣòwò àti olóṣèlú tí ń wá ipò mínísítà ni. Ní ìkọ̀kọ̀, òun ni ọba àwọn jàǹdùkú. Ó mọ ẹni tí a ń fi owó rà, ó mọ ẹni tí a ń dẹ́rù bà. Ó ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì bá àwọn ẹni ńlá ṣe. Bí inú bá sì bí i, Yorùbá rẹ̀ a máa mú bí abẹ. Síbẹ̀, abiyamọ ni. Ìjà abẹ́lẹ̀ tí ó rò pé òun ti borí dé ọ̀dọ̀ Kẹ́mi, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ó sì gba ẹ̀mí rẹ̀. Kò sí ètekéte kankan nínú ẹkún tí Ṣóbọ̀wálé sun níbẹ̀, òǹwòran tí ó ti ń bẹ̀rù obìnrin yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ sì bá a káàánú.

Ta ni olóhun?

Àwọn kan ń fi ẹ̀sùn kan irú fíìmù báyìí pé ó ń kọ́ ọ̀dọ́ ní ìwàkiwà. Ní àkókò tí àwọn ọmọ wa kan ń fi íntánẹ́ẹ̀tì lu ènìyàn ní jìbìtì, tí àdúgbò sì ń kí wọn kú oríire, ẹ̀sùn náà kì í ṣe ohun àfọwọ́rọ́ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n fífi ọgbọ́n ọ̀daràn hàn kọ́ ni ewu tí ó tóbi jù. Ewu náà wà nínú fífi ojú olóhun pamọ́. Nínú Catch Me If You Can, báǹkì àti ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ni ó pọ̀ jù nínú olóhun. Ẹkún wọn kò hàn, ẹ̀rín sì rọrùn fún wa.

King of Boys ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó fi Nurudeen Gobir, tí Paul Sambo ṣe, sí ìdojúkọ Ẹniọlá. Òṣìṣẹ́ ìjọba tí kò gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ni, kò sì gọ̀. Alátakò tí ó gbọ́n ni òṣùwọ̀n ọgbọ́n ọ̀daràn, nítorí pé ẹni tí ó ń tan ọ̀dẹ̀ jẹ kò tíì fi ohun kan hàn. Fíìmù náà tún mú wa padà sí ìgbà èwe Ẹniọlá, tí Toni Tones ṣe, kí a lè mọ ibi tí ó ti kọ́ ọkàn líle. Síbẹ̀, kò fi ìyẹn wẹ ọwọ́ rẹ̀ mọ́. A lóye rẹ̀, a kò sì dá a láre.

Ìgúnlẹ̀

Nígbà tí a bá ń ṣe lámèyítọ́ fíìmù ọ̀daràn, ìbéèrè pé ṣé ọlọ́pàá mú un kò tó. Ọ̀pọ̀ fíìmù àgbéléwò ni ọlọ́pàá ti máa ń já wọlé ní ìṣẹ́jú márùn-ún ìkẹyìn, tí òǹwòran kò sì gbà á gbọ́, nítorí pé ọjọ́ kan náà kò ti inú ọjọ́ gbogbo jáde. Ìbéèrè tí ó yẹ ni pé: ṣé ọgbọ́n ọ̀daràn fúnra rẹ̀ ni ó bí ìyà tí ó jẹ ẹ́? Àwọn apàlọ́ ti mọ èyí tipẹ́. Wọn kò ránṣẹ́ pe ẹnikẹ́ni láti ìta kí ó wá jẹ Ìjàpá níyà; fìlà tí ó fi bo olè rẹ̀ mọ́lẹ̀ ni ó pa á lórí.