Iyọ̀, Ekùrọ́ àti Ìrẹsì: Bí Ogun Hitler ti Dé Oko Ẹ̀gbá

Bí a bá dárúkọ ogun tí a jà láti 1939 dé 1945, ilẹ̀ Burma ni ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń lọ, níbi tí àwọn ọmọ-ogun wa ti bá àwọn ará Japan jà. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà kan, ẹni tí ó jẹ́ ọmọdé ní ìletò Ẹ̀gbá nígbà náà, kò fi ìbọn bẹ̀rẹ̀ ìtàn rẹ̀ fún wa. Iyọ̀ ni ó fi bẹ̀rẹ̀.

Ogun lé ọkọ̀ ojú omi kúrò lórí òwò, iyọ̀ òkè òkun sì di ọ̀wọ́n. Ìyá yìí ní ìyá òun a máa di ìwọ̀nba tí ó bá rí sínú ewé, a sì fi í pamọ́ sókè àjà. Ìjọba dá iye lé ọjà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ rà á ní iye náà kì í tètè rí i.

Ní 1942, Japan gba Malaya àti àwọn erékùṣù ìtòsí rẹ̀, epo ibẹ̀ sì bọ́ lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí náà ni wọ́n ṣe yíjú sí igi ọ̀pẹ wa. Tọmọdé tàgbà ń fi òkúta pa ekùrọ́ títí ilẹ̀ fi ń ṣú.

Ìrẹsì ni ó dun àwọn obìnrin jù lọ. Nítorí oúnjẹ tí ìjọba ń béèrè, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ń fi agbára gbà á lọ́wọ́ wọn, nígbà mìíràn láìsan kọ́bọ̀. Àwọn ìyá ọlọ́jà gbé ẹjọ́ náà tọ Olúfúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti lọ, ìyàwó àlùfáà àti olùkọ́. Ó bá àwọn aláṣẹ sọ ọ́, ìwé ìròyìn gbé e jáde, ìfipágbà náà sì dáwọ́ dúró ní 1945.

Àwọn obìnrin kò gbàgbé ohun tí ohùn kan ṣoṣo ti ṣe. Ní 1946 ni wọ́n dá Ẹgbẹ́ Obìnrin Abẹ́òkúta sílẹ̀, wọ́n sì dojú kọ owó orí tí àwọn obìnrin Ẹ̀gbá ti ń san láti 1918. Ní 1948, Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì fi ìlú sílẹ̀, a sì mú owó orí náà kúrò lọ́rùn wọn.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má ṣe fi ogun náà mọ sí Burma nígbà tí ẹ bá ń kọ́ àwọn ọmọ. Ẹ bi àwọn àgbà léèrè, ẹ sì tètè bi wọ́n: ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 10 ní 1939 ti ń sún mọ́ 100 ọdún.