Bí Ẹnu Bá Là Tí Kò Padé Mọ́



Ní òru Ramadan kan, nígbà tí a ń retí àsìkò sààrì ní mọ́sálásí, ìyá kan yán, ẹnu rẹ̀ sì là sílẹ̀, kò padé mọ́. Itọ́ ń dà, kò lè sọ̀rọ̀. Àwọn kan ní àsàsí ni. Ẹnì kan tilẹ̀ fẹ́ fọ́ ọ létí kí ẹnu lè padà. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má fọwọ́ kàn án, a sì gbé e lọ sí ọsibítù.

Ẹ fi ìka síwájú etí yín méjèèjì, kí ẹ la ẹnu. Ohun tó ń yí lábẹ́ ìka yẹn ni oríkèé àgbọ̀n. Àgbọ̀n òkè kì í mira. Ti ìsàlẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Orí rẹ̀ wọ inú kòtò kékeré kan lára egungun agbárí, ohun fẹ́lẹ́ kan sì wà láàárín wọn bíi tìmùtìmù. Bí a bá la ẹnu díẹ̀, orí egungun náà á kàn yí lójú kan. Bí a bá là á gbàgà, á yọ̀ síwájú, á sì padà nígbà tí a bá pa ẹnu dé. Gegele kan wà níwájú kòtò náà. Bí egungun bá ré e kọjá, iṣan ẹ̀rẹ̀kẹ́ á fún un pa, kò ní lè padà fúnra rẹ̀. Ohun tó ṣe ìyá yẹn nìyẹn. Dókítà fi àtàǹpàkò méjèèjì tẹ eyín ẹ̀yìn ìsàlẹ̀ wálẹ̀, ó tì í sẹ́yìn, ẹnu sì padé. Ẹ má dán an wò nílé.

Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ́ wa pé bí a bá fẹ́ yán, kí a dá a dúró bí agbára wa bá ti mọ, kí a sì fi ọwọ́ bo ẹnu. Àgbọ̀n wa náà ń jàǹfààní rẹ̀.

Ẹ má fi eyín ṣí ìgò. Ẹ má máa rún egungun ẹran ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣáá. Bí àgbọ̀n bá ń dún láìsí ìrora, kò sí ewu. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń dùn yín, tí ìka yín mẹ́ta kò wọ ẹnu lóòró mọ́, ẹ lọ rí dókítà eyín. Ẹ má kàn máa wá ra oògùn ara ríro lọ́wọ́ wa lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Bí àgbọ̀n bá ń dùn yín tí àyà sì ń fún pọ̀, ọkàn lè ni: ọsibítù lójú ẹsẹ̀.

“Alhamdulillāh” ni ọ̀rọ̀ tí ìyá yẹn kọ́kọ́ sọ. Lẹ́yìn náà ló sọ fún mi pé ìrora àgbọ̀n kò dun òun tó bí àwọn kan ṣe ń fa ọmọ wọn sẹ́yìn kúrò lọ́dọ̀ òun. Ẹ jẹ́ kí á máa wádìí kí á tó dájọ́.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní àlàáfíà. Āmīn.