Bọ́gà Oníwàrà

Bọ́gà oníwàrà ni mo máa ń ṣe nílé, àwọn ọ̀rẹ́ mi a sì máa ní kì í ṣe bọ́gà gidi. Ẹ jẹ́ ká yẹ orúkọ náà wò ná. Ara Hamburg, ìlú kan ní Jámánì, ni “hamburger” ti wá: Hamburg + -er. Ṣùgbọ́n àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì pín in sí ham + burger. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni ham, bẹ́ẹ̀ ẹran màlúù ló wà nínú rẹ̀! Ìpín tuntun yìí ló sọ “burger” di mọ́fíìmù tó ń dá dúró, tó sì bí “cheeseburger”.

Ó wá ku sísè. Wàrà kì í yọ́ lórí iná bíi ṣíìsì òyìnbó, nítorí náà dídín ló yẹ ẹ́. Ẹ gé e pẹlẹbẹ, ẹ fún omi rẹ̀ dànù, ẹ fi iyọ̀ ra á, kí ẹ dín in títí yóò fi pọ́n. Ẹ po ẹran lílọ̀ mọ́ àlùbọ́sà àti ata gígún, ẹ tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, ẹ dín òun náà. Ẹ kó méjèèjì sáàárín búrẹ́dì pẹ̀lú tòmátì.

Bí “burger” bá gba ṣíìsì, kí ló ní kó má gba wàrà?