Ẹ̀kọ Láfún Nínú Iṣẹ́ Àdìrẹ

Ohun èlò àwọn obìnrin aládìrẹ Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn kò ju ohun tí ojú ń rí lójoojúmọ́ lọ. Inú oko ẹ̀gẹ́ ni láfún ti wá, ara adìẹ ni ìyẹ́ ti wá, inú ààrò ni a sì ti kó eérú. Nítorí náà ni àwọn kan ṣe ń fojú iṣẹ́ ilé ìdáná wo àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ọ̀rọ̀ rí, nítorí pé ìwà láfún gan-an ni ó sọ irú ọnà tí yóò hàn lára aṣọ.

A óò se láfún pẹ̀lú álọ́ọ̀mù díẹ̀ títí yóò fi ki. Aládìrẹ a wá ki ìyẹ́ bọ̀ ọ́, a sì fi ya ìlà sí ojú kan aṣọ náà. Bí ó bá gbẹ, a ó rì í sínú ìkòkò aró, a ó yọ ọ́, a ó sá a, a ó sì tún un rì lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fún un, kí ẹ̀kọ má baà ṣí. Síbẹ̀, ẹ̀kọ kì í dí aró pátápátá gẹ́gẹ́ bí àbẹ́là yíyọ́ ti ń dí i. Díẹ̀ a máa wọlé. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ìlà náà fi ń jẹ́ àyìnrín, tí kì í funfun báláú. Àjèjì lè pe èyí ní àbùkù, ṣùgbọ́n òun ni ẹwà rẹ̀.

Kíjìpá kò gba irú iṣẹ́ yìí, nítorí ara rẹ̀ le, ìyẹ́ kò sì lè sáré lórí rẹ̀. Aṣọ funfun dídán tí ọkọ̀ òkun ń kó wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí ó pa àwọn ahunṣọ wa lára, òun náà ni ó fún aládìrẹ láyè. Ó pín in sí igun mẹ́rin-mẹ́rin, ó sì ń ya ohun tí ó wù ú sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nínú Ìbàdàndùn, òpó Gbọ̀ngàn Mápó, tí a ṣí ní 1929, ni ó tò, ó sì fi ṣíbí sí àárín wọn: ilé ìjọba àti ohun ìjẹun, lórí aṣọ kan náà!

Ní Abẹ́òkúta, àwọn ọkùnrin a máa gé àwòrán sára páànù pẹlẹbẹ, irú èyí tí a fi ń tẹ́ inú àpótí tíì, a sì máa ń ti ẹ̀kọ gba ojú ihò rẹ̀. Páànù kò gbà kí ihò yí ká láìní ìdè, nítorí náà ni àwòrán fi ń já sí ègé-ègé. Báyìí ni ọba àti ayaba Gẹ̀ẹ́sì ṣe rí nínú Ọlọ́ba, ọnà tí ayẹyẹ 1935 bí.

Láti bí ọdún 1960 síwájú ni àbẹ́là àti aró òyìnbó ti ń gba ipò láfún, nítorí wọ́n yá ju ìyẹ́ lọ. Wọ́n ṣì ń pe èyí ní àdìrẹ. Ní Òṣogbo, Nike Davies-Okundaye ti fi ìyẹ́ àti láfún kọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìyàtọ̀ kí ó yí aṣọ náà padà: ẹ̀yìn ẹlẹ́kọ a dúdú kanlẹ̀, nítorí ojú kan ṣoṣo ni ìyẹ́ kàn.