Kì í ṣe gbogbo ojú tó hàn nínú ọpọlọ ọmọ ni kókó

Tí ọmọ ọdún mẹ́fà bá ń bì, tó ń sùn ṣáá, tí kò lè rìn gún régé mọ́, ibà ni àwa ará Ifangni kọ́kọ́ máa ń rò. Ibà náà sì ni lọ́pọ̀ ìgbà. Àmọ́ tí oògùn ibà kò bá ràn án, tí wọ́n gbé e dé Àjàṣẹ́ tàbí Kútọnu, tí àwòrán orí wá fi ojú kan hàn nínú ọpọlọ, "kókó" ni gbogbo ilé máa ń pariwo. Ẹ dúró ná.

Àwọn okùn tí ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ sí ara ní ọ̀rá tó bò wọ́n, bíi rọ́bà tó bo wáyà iná. Myéline ni àwọn dókítà ń pè é. Lẹ́yìn èéyi tàbí ọ̀fìnkìn líle, àwọn ọmọ ogun inú ara lè ṣi ọ̀tá mọ̀, kí wọ́n máa jẹ rọ́bà yìí. ADEM ni èyí tí a mọ̀ jù lára ọmọdé. Irú ojú bẹ́ẹ̀ tó bá fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ lè jọ kókó débi pé ẹni tó mọṣẹ́ pàápàá lè ṣì í.

Ọjọ́ ló kọ́kọ́ ń tú àṣírí. Kókó sábà máa ń rọra wá: orí fífọ́ àti èébì òwúrọ̀, fún ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù púpọ̀. ADEM ń yára ní tirẹ̀: láàárín ọjọ́ mélòó kan, ọmọ tó ń ṣeré kò mọ ibi tó wà mọ́. Nítorí náà, ohun tí ìyá bá sọ wúlò ju bí a ṣe rò lọ. Lẹ́yìn náà ni IRM (owó rẹ̀ ń dun ni, a mọ̀), torí scanner kì í fi myéline hàn dáadáa. Tí ojú náà bá pọ̀, lápá ọ̀tún àti òsì, tí òrùka tó ń tàn yí i ká kò sì pé, wọ́n á fura sí myéline. Wọ́n tún lè yẹ ẹ̀jẹ̀ àti omi ọ̀pá ẹ̀yìn wò.

Abẹ́rẹ́ corticoïde, ọjọ́ 3 sí 5, ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú ADEM, ọ̀pọ̀ ọmọ sì ń gbádùn láìjẹ́ pé wọ́n la orí wọn. Kókó kò fẹ́ ìdúró rárá. Ibi tí ẹ̀tàn wà rèé: abẹ́rẹ́ kan náà máa ń dín wíwú tó wà lẹ́bàá kókó kù. Ọmọ á rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ kejì, òbí á ní ó ti tán. Kò tíì tán o! Ẹ padà lọ ṣe IRM míì ní ọjọ́ tí dókítà bá dá, ó sábà máa ń tó bí oṣù 3. Tí ojú náà bá ń dàgbà sí i, wọ́n lè gé díẹ̀ níbẹ̀ yẹ̀ wò.

Ẹ kó gbogbo fíìmù àtijọ́ dání, kí ẹ sì sọ ọjọ́ tí àìsàn kẹ́yìn mú ọmọ. Tí gìrì bá mú un, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́.