Ta Ló Ran Òwú Sányán Náà?

Ẹni tó bá ti lọ ra aṣọ òkè fún ìnáwó rí mọ ohun tí aláṣọ máa ń béèrè: àwọ̀ wo lẹ fẹ́, ẹni mélòó ló máa wọ̀ ọ́, ọjọ́ wo ni ìnáwó? Oníbàárà náà á béèrè iye owó. Nínú àwọn méjèèjì, kò sí èyí tó máa béèrè ẹni tó ran òwú. Bẹ́ẹ̀, kí òfì tó bẹ̀rẹ̀ sí í dún láyé àtijọ́, arànwú ti máa ń jókòó ti ìrànwú fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Nínú gbogbo àwọn tí iṣẹ́ aṣọ kó jọ, àgbẹ̀, aláró, ahunṣọ, aránṣọ, arànwú nìkan ló fi agbo sílẹ̀ láìsí ẹni tó kí i pé ó dàbọ̀.

Iṣẹ́ àwọn ìyá àgbà ni. Obìnrin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé oko àti ọjà mọ́ ló sábà máa ń dì í mú ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyẹn wà lára ohun tó jẹ́ kí a fojú kéré rẹ̀, tí a fi kà á sí ohun tí arúgbó fi ń lo ọjọ́ rẹ̀ tán. Ẹ wo iṣẹ́ náà ná. Wọ́n á fi ọ̀pá irin yí òwú lórí òkúta kí hóró lè bọ́ kúrò, wọ́n á fi ọrun kékeré na èyí tó kù títí á fi fẹ́ fúkẹ́fúkẹ́, kí wọ́n tó dé ìdí ìrànwú fúnra rẹ̀, igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó fìdí jókòó sínú amọ̀ róbótó. Wọ́n á fi eérú tàbí ẹfun pa ìka kí òwú má baà lẹ̀ mọ́ ọn, ọwọ́ kan á ta ìrànwú kó máa pòòyì, ọwọ́ kejì á máa fa òwú jáde díẹ̀díẹ̀, kó má ki jù, kó má sì já. Òwú tí wọ́n máa ta sórí òfì gbọ́dọ̀ lọ́ dáadáa ju èyí tí ọ̀kọ̀ máa gbé kọjá lọ, torí òun ló ń jẹ ìyà jù. Ọwọ́ ìyá náà ló mọ ìyàtọ̀ yìí, kódà nígbà tí ojú rẹ̀ bá ti ń ṣú.

Ọ̀pọ̀ arànwú ló ń bọ́ ahunṣọ kan ṣoṣo. Aṣọ òfì kò fẹ̀ ju nǹkan bí íǹṣì 4 lọ, síbẹ̀ ahunṣọ lè fi ọjọ́ kan hun òwú tí ìyá kan fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ ran tán. Orúkọ ìlú àwọn ahunṣọ la sì mọ̀ lórí: Ìsẹ́yìn, Ṣakí, Ìlọrin. Mi ò tíì gbọ́ ìlú tó ń yangàn pé ọ̀dọ̀ òun ni wọ́n ti mọ òwú ran jù.

Àwọn ìyá wọ̀nyí mọ òwú bí àgbẹ̀ ṣe mọ iṣu; òwú àkẹ̀ṣẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ òwú ògòdò lọ́wọ́ wọn. Àwọn arànwú ní ilẹ̀ Britain ní irú ìmọ̀ yìí lórí irun àgùntàn. Irun àgùntàn Shetland rọ̀, ti Herdwick le koránkorán, ti Wensleydale gùn ó sì ń dán, kálukú ló ní ohun tó dára fún. Àgùntàn tiwa kò ní irú irun bẹ́ẹ̀. Irun kúkúrú bíi ti ewúrẹ́ ló bò ó lára, kò ṣeé ran. Ohun tó gba ọwọ́ arànwú jù lọ níbí ni sányán, okùn tí wọ́n ń rí nínú ìtẹ́ kòkòrò.

Kòkòrò kan ló ń hun ìtẹ́ rẹ̀ sórí igi ìrà àti igi mìíràn, ọ̀pọ̀ ìdin nínú ìtẹ́ kan ṣoṣo. Okùn rẹ̀ kò ṣeé tú ní ọ̀kan gbọọrọ bíi ti sílíìkì ilẹ̀ Ṣáínà. Omi eérú ni wọ́n fi ń se ìtẹ́ náà kí ohun tó lẹ̀ ẹ́ pọ̀ lè yọ́ kúrò. Wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á sá a, wọ́n á wá ran án bí ẹni ran òwú. Àwọ̀ tí sányán ní, ara rẹ̀ ló ti mú un wá. Ìkòkò aláró kò fọwọ́ kàn án.

Ibí yìí ni àríyànjiyàn tó ká mi lára jù ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ aṣọ tí wọ́n ń tà ní sányán lónìí, òwú ẹ̀rọ tí wọ́n pa ní àwọ̀ sányán ni. Àwọn kan ní ẹ̀tàn pọ́ńbélé ni, pé aṣọ tí ẹ̀rọ ran òwú rẹ̀ kò ní ẹ̀mí. Ahunṣọ ní tirẹ̀ á sọ pé òwú ọwọ́ máa ń já lórí òfì, ó ki níbì kan, ó tín-ín-rín níbòmíràn, àti pé aṣọ ẹbí igba ènìyàn kò lè dúró de ìrànwú. Òdodo lahunṣọ sọ. Obìnrin tó fi aṣọ òkè àtijọ́ wé gèlè láti àárọ̀ dalẹ́ mọ ìdí tí aṣọ fífúyẹ́ fi gbayì.

Àwọn tó ń sunkún àtijọ́ kì í sì í sọ ìtàn náà tán. Àlàárì tí wọ́n ń kà mọ́ sányán àti ẹtù bí ogún ìran wa, òwú sílíìkì pupa rẹ̀ gba aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá kó tó dé ọwọ́ ahunṣọ Yorùbá. Káàkiri etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ahunṣọ máa ń tú aṣọ pupa òyìnbó kí ó lè yọ òwú rẹ̀. Bí òwú àjòjì bá ń sọ aṣọ di àjòjì, ọjọ́ ti pẹ́ tí àlàárì ti di àlejò. Nítorí náà, mo máa ń fura sí ẹni tó bá pariwo "ojúlówó" láìsọ ohun tó ń fi wọ̀n ọ́n. Ọ̀rọ̀ sányán yàtọ̀ díẹ̀, torí pé orúkọ ohun tí wọ́n ran ni orúkọ aṣọ náà. Ẹni tó bá tà á láìsí okùn kòkòrò nínú rẹ̀ ti ta orúkọ lásán.

Bí arànwú ṣe lọ kò gba àlàyé púpọ̀. Nígbà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ British Cotton Growing Association sílẹ̀ ní Manchester, ní ilẹ̀ Britain, ní 1902, òwú tútù ni wọ́n ń wá kó lọ fún ẹ̀rọ ìlú wọn. Òwú tí ẹ̀rọ ti ran, tó gún régé, ló ń bá ọkọ̀ ojú omi padà wá. Ìyá ọ̀dẹ̀dẹ̀ wà láàárín àwọn méjèèjì, kò sì lè bá ẹ̀rọ sáré.

Àwọn ará erékùṣù Outer Hebrides ní Scotland dojú kọ irú ọ̀rọ̀ yìí lórí irun àgùntàn. Nígbà tí wọ́n forúkọ àmì Harris Tweed, aṣọ irun àgùntàn wọn, sílẹ̀ ní 1910, aṣọ tí wọ́n fi ọwọ́ ran òwú rẹ̀ nìkan ló lè gba àmì náà. Ní 1934 wọ́n yí i padà: ẹ̀rọ lè ran án, àmọ́ ọwọ́ ni kí wọ́n fi hun ún. Òfin ọdún 1993 wá dè é pé erékùṣù náà ni wọ́n gbọ́dọ̀ ti ran òwú, kí àwọn ará ibẹ̀ sì hun aṣọ náà nílé ara wọn. Arànwú ọwọ́ lọ, ṣùgbọ́n wọ́n jókòó lé e lórí, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ní Íńdíà, òdìkejì ni wọ́n mú: òfin wọn kò gba kí á pe aṣọ ní khadi bí kò bá ṣe pé ọwọ́ ló ran òwú rẹ̀, tí ọwọ́ sì hun ún. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, kò sẹ́ni tó jókòó. A kàn jí lọ́jọ́ kan, a ò rí ìyá náà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́.

Mo máa ń gbọ́ àbá pé kí ìjọba pín ìrànwú fún àwọn obìnrin abúlé kí iṣẹ́ náà lè sọjí. Ẹ̀rù àbá yìí ń bà mí, torí àwọn tó ń dá a kì í dárúkọ owó. Ọ̀pọ̀ arànwú ilẹ̀ Britain ní iṣẹ́ mìíràn tàbí owó ìfẹ̀yìntì. Wọ́n ń ran irun àgùntàn fún ìgbádùn, wọ́n á fi hun ìbọ̀sẹ̀, wọ́n á fi hun ọmọláńgidi kékeré fún ọmọ ọ̀rẹ́. Ìyá tiwa ń fẹ́ jẹun lórí rẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ kó fi iye tí òwú ẹ̀rọ ń lọ ta èyí tó fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ ran, ìyà ni wọ́n fẹ́ sọ jí. Ọmọbìnrin tó sá fún ìrànwú lọ kọ́ iṣẹ́ mìíràn, ọgbọ́n ló lò. N kò lè bá a wí.

Ohun tí mo fẹ́ kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí aláṣọ pe aṣọ òwú ẹ̀rọ tí wọ́n pa láró ní aláwọ̀ sányán, kí ó sì tà á bẹ́ẹ̀ láìtijú, torí aṣọ tó dára ni. Sányán gan-an, ìwọ̀nba ni kó jẹ́, fún ẹni tí agbára rẹ̀ gbé e. Olóyè tó lè ra ọkọ̀ fún ọjọ́ ìwúyè lè san owó òwú. Kí ó béèrè lọ́wọ́ ahunṣọ rẹ̀ ẹni tó ran án, kí iye tó tọ́ sí ìyá náà sì dá wà nínú ìwé owó, lókè owó ahunṣọ.